Apínná tàbí Ajáná: Orúkọ Ẹ̀yà Dísítíríbútọ̀ àti Wíwá Àléébù Ọkọ̀ Àtijọ́

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ń sa ipá láti wá ìperí fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀nà kan ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wọn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, yóò wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀, yóò wá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó bá a dọ́gba, yóò sì fi afòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá fi ọ̀nà yìí tọ ohun èlò tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dísítíríbútọ̀ lọ, apínná ni yóò bí: a-, pín, iná. Gírámà ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù kankan. Ìró rẹ̀ kò ṣòro, kò gùn, ọmọdé sì lè pè é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ kì í sábà bi irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ǹjẹ́ orúkọ náà yóò ran ẹni tí ó dojú kọ ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àléébù wà, àbí ṣe ni yóò fi ibẹ̀ pamọ́ fún un?

Ìdáhùn tí ó tọ́ sí apínná ni pé ó ń fi ibẹ̀ pamọ́. Ìdí ni pé iṣẹ́ méjì ni dísítíríbútọ̀ ń ṣe, ìdajì péré ni orúkọ yìí sì sọ. Bí ènìyàn bá ṣí ọmọrí rẹ̀, yóò rí i pé ilé kan ni, tí ẹ̀rọ méjì ń gbé inú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni irin kékeré méjì wà tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan dúró lójú kan, èkejì ń lọ ó ń bọ̀ bí ọ̀pá àárín ti ń yí. Fún ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin, igun mẹ́rin ni ọ̀pá náà ní, ìgbàkígbà tí igun kan bá sì ti irin kejì yìí, ojú irin méjèèjì yóò pínyà. Ní òkè ni rótọ̀ wà. Òun náà ń yí lórí ọ̀pá kan náà, ó ń gba iná ńlá láti àárín ọmọrí, ó sì ń nà án sí ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti kàn án. Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ni jíjá iná. Iṣẹ́ òkè ni pípín iná. Fólítì 12 ni bátìrì fi ń ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, tàbí 6 nínú àwọn ọkọ̀ tí ó pẹ́ jù. Iná tí ń gba òkè kọjá lè ju fólítì 15,000 lọ. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo bo ohun méjì tí wọ́n yàtọ̀ tó báyìí mọ́lẹ̀ kò ṣe é lóore.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ó sì yẹ kí á ṣàlàyé rẹ̀ dáradára. Inú kọ́ìlì ni iná kékeré ti ń di ńlá. Wáyà méjì ni wọ́n wé sínú rẹ̀: ọ̀kan nípọn, ìlọ́po rẹ̀ kò sì pọ̀, èkejì tín-ín-rín bí irun, ó sì yípo ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà fún ẹ̀ẹ̀kan tí ti àkọ́kọ́ bá yípo. Nígbà tí ojú irin méjì ìsàlẹ̀ bá fara kanra, iná bátìrì ń gba inú wáyà tí ó nípọn kọjá, agbára òòfà sì ń gbára jọ nínú kọ́ìlì. Kò tíì sí ẹ̀ta iná kankan ní àkókò yìí. Ìgbà tí ojú irin méjèèjì bá pínyà lójijì ni agbára òòfà náà wó lulẹ̀, wíwó rẹ̀ ni ó sì ń bí iná ńlá nínú wáyà tín-ín-rín, èyí tí rótọ̀ yóò gbé lọ fún púlọ́ọ̀gì. Ètò yìí ni Charles Kettering gbé kalẹ̀ ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Cadillac sì mú lò fún ọkọ̀ wọn ti ọdún 1910. Bí ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá dísítíríbútọ̀ ń yí ní ìdajì rẹ̀, ojú irin sì ń pínyà ní ìgbà 7,200. Ìgbà 120 ni èyí jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìpínyà ni ó ń bí iná, kì í ṣe ìpàdé. Ibí yìí gan-an ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn, kọ́ńtáàtì, ti ń ṣi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́nà. Orúkọ náà ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá, ìfarakanra ni ó sì ń sọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bá gbà pé iṣẹ́ ohun náà ni kí ó fara kanra yóò máa wá bí ojú méjèèjì yóò ṣe lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò ní ka àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn sí nígbà tí wọ́n bá ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní orúkọ mìíràn fún un tí ó ń sọ nípa jíjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíinì ni ó rìnnà dé Èkó àti Ìbàdàn.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mànàmáná bá gun òpó tí ó sì yọ wáyà ilé ẹni tí ó jẹ gbèsè, gbogbo àdúgbò ni yóò sọ pé wọ́n ti já iná ilé náà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìlò yìí, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e lórí. Já iná, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìperí ẹ̀yà ìsàlẹ̀ ti jáde: ojú ìjáná fún irin méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ajáná fún odindi ẹ̀yà náà. Àwọn aláwàdà lè gbọ́ ajá nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, kí wọ́n sì béèrè bóyá ó ń gbó. Ẹ̀rín náà kò burú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn bá fi rẹ́rìn-ín kì í pẹ́ wọ orí wọn.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, ó yẹ kí á tẹ̀lé mẹkáníìkì kan dé ìdí ọkọ̀. Volkswagen tí àwọn Yorùbá sọ ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto ni àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù lọ. Iléeṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀jọ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní ọdún 1975, kò sì dẹ́kun pátápátá lágbàáyé títí di ọdún 2003, nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, dísítíríbútọ̀ rẹ̀ sì wà ní gbangba níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láìtú nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí irun wọn ti funfun báyìí, ìdí ìjàpá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ rán ni lọ ra nǹkan. Yóò yọ wáyà kan kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, yóò fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá dì í mú, yóò gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnì tó ìwọ̀n mìlímítà 6, ẹlòmíràn yóò sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ̀ta iná bá ta, tí ó mọ́ tí ó sì ní ìró, àléébù lè wà lọ́dọ̀ epo tàbí lọ́dọ̀ táìmì, tàbí kí ó jẹ́ púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Bí kò bá ta, yóò padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan: yóò fa wáyà àárín ọmọrí yọ, èyí tí ó ti kọ́ìlì wá, yóò sì dán òun náà wò bákan náà. Bí iná bá ta níbí tí kò sì ta lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ti di ti òkè, ọmọrí tàbí rótọ̀ tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá ta níbí pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ di ti ìsàlẹ̀ tàbí ti kọ́ìlì.

Nígbà náà ni yóò mú gílóòbù kékeré oníwáyà méjì. Yóò so wáyà kan mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí ó lọ sí dísítíríbútọ̀, yóò fi èkejì kan irin ọkọ̀, wọn yóò sì tún yí ẹ́ńjìnì. Bí gílóòbù bá ń tàn tí ó sì ń kú, tí ó ń tàn tí ó sì ń kú, ojú ìjáná ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí á wo kọ́ìlì tàbí kọndẹ́nsà. Bí ó bá tàn tí kò kú rárá, ojú irin kò fara kanra: ó lè dọ̀tí, ó lè ti jóná, àlàfo rẹ̀ sì lè ti pọ̀ jù. Bí kò bá tàn rárá, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni: iná bátìrì kò dé ẹnu kọ́ìlì náà, tàbí ojú irin kò pínyà, tàbí kọndẹ́nsà ti la ọ̀nà fún iná láti sá wọnú irin ọkọ̀.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí yóò rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì ń bi ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ṣé iná kò já ni, àbí ó já ṣùgbọ́n kò pín? Bí àwọn ìperí bá tẹ̀lé ìbéèrè yìí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ kí ó sọ pé, "Ọ̀gá, iná ń já, àmọ́ kò pín," ọ̀gá náà yóò sì dáhùn pé, "Ṣí ọmọrí, kí o wo rótọ̀." Gbólóhùn méjì péré, àyẹ̀wò sì ti dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ pé apínná ni orúkọ odindi ilé náà, ohun tí ọmọ náà lè sọ kò ju pé apínná ti bàjẹ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sì lọ ra odindi tuntun nítorí irin kékeré kan tí kò tó èékánná.

Nípa àlàfo ojú ìjáná, ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ìjàpá ni mìlímítà 0.4. Àwọn mẹkáníìkì ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Apá kan wà lára irin tí ń lọ tí ń bọ̀, òun ni ó ń fara kan igun ọ̀pá, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí bàtà tí ń jẹ ní gìgísẹ̀. Gìgísẹ̀ sì ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń jẹ, àlàfo ń dín kù, ojú ìjáná ń pẹ́ kí ó tó ṣí, iná púlọ́ọ̀gì náà sì ń pẹ́ kí ó tó ta. Ọkọ̀ kò ní kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò kàn máa wúwo lórí òkè, yóò máa gbóná, yóò sì máa mu epo. Ìdí nìyí tí àléébù yìí fi ń tan ènìyàn jẹ. Awakọ̀ yóò gbà pé epo ni kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni gìgísẹ̀ tí ó jẹ ni, tí gíríìsì díẹ̀ lára igun ọ̀pá ìbá ti dáàbò bò.

Kọndẹ́nsà ni ó ṣòro jù láti sọ lórúkọ, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà tí kò jẹ̀bi, tí wọ́n sì máa ń dá láre nígbà tí ó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹ̀yà kan lára fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí ooru ti ń padà di omi. Aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ni ó ṣí yóò pè é ní asọ-ooru-domi, yóò sì fi bẹ́ẹ̀ rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ wá omi níbi tí kò sí. Nínú dísítíríbútọ̀, iṣẹ́ kọndẹ́nsà ni kí ó fa iná tí ó ń rọ́ wá mu ní ìṣẹ́jú tí ojú ìjáná bá ṣí, kí iná náà má baà fo àlàfo kọjá. Bí kò bá sí i, jíjá náà kì í já tán. Iná yóò máa ta láàárín ojú irin méjèèjì, agbára òòfà yóò rọra wó dípò kí ó wó lójijì, ohun tí yóò sì dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì yóò jẹ́ ẹ̀ta iná pupa rúsúrúsú tí kò lágbára. Afanámu ni ó yẹ ẹ́, láti inú fà àti mu, bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń fa omi mu.

Orúkọ yìí ń tọ́ka sí àléébù fúnra rẹ̀. Bí ojú ìjáná tuntun bá jóná di dúdú tàbí di àwọ̀ búlúù láàárín ọjọ́ díẹ̀, afanámu kò fa iná mu. Bí òkè kékeré bá hù lójú kan tí kòtò sì wà lójú kejì tí ó kọjú sí i, agbára afanámu kò bá ọkọ̀ náà mu. Ó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa pààrọ̀ kọ́ńtáàtì ní gbogbo ìgbà, yóò máa fi pépà họ ọ́, yóò sì máa bú àwọn tí ń tà á pé ayédèrú ni wọ́n ń tà. Nígbà mìíràn, òtítọ́ ni pé ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n kòtò àti òkè kì í purọ́.

Ó ku ẹ̀yà òkè, níbi tí apínná ti wà ní ipò rẹ̀ gan-an. Bí a bá fi orúkọ yìí mọ sí ọmọrí àti rótọ̀, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Àléébù tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé iná kì í gba ọ̀nà tí ó yẹ. Ọmọrí lè là, ìlà dúdú tín-ín-rín lè wà nínú rẹ̀ bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà, iná ńlá yóò sì máa tọ ìlà náà lọ sí ẹnu wáyà mìíràn tàbí sí ara irin. Èédú kékeré tí ó wà láàárín ọmọrí lè jẹ tán. Ìrì òwúrọ̀ àti òjò a máa mú inú ọmọrí tutù, ọkọ̀ yóò kọ̀ ní kùtùkùtù, yóò sì ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Rótọ̀ náà lè dá lu nínú láìsí ẹni tí ó rí i. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ni pé kí wọ́n gbé wáyà tí ó ti kọ́ìlì wá sún mọ́ orí rótọ̀ nígbà tí ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀; bí iná bá ń ta sí i léraléra, rótọ̀ ti ń jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ bọ́ sí ara ọ̀pá.

Kí ni kí á pe àléébù yìí? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ sí ni lọ́kàn ni jò: iná ń jò, bí òrùlé ti ń jò. Ìtumọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí onímọ̀ èdè kò gbọdọ̀ fojú fò. Láàárín iná ń jò àti iná ń jó, ohùn kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀. Nínú ìwé tí wọn kò fi àmì ohùn sí, tí ọ̀pọ̀ ìwé sì ń jáde bẹ́ẹ̀ láìka gbogbo ìlànà àkọtọ́ sí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè ka ọmọrí tí ó là kí ó sì sá lọ gbé omi àti iyanrìn wá pa iná ọkọ̀. Ìperí tí àṣìṣe rẹ̀ lè tó báyìí kò yẹ ní ìdí ẹ́ńjìnì tí epo bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣáko sàn jù ú lọ. Iná tí ó ṣáko ni iná tí ó fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹran tí ó ṣáko kúrò nínú agbo, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọrí gan-an nìyẹn. Ìṣáko iná, nígbà náà, ni kí ó jẹ́.

Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹ lórí ọ̀rọ̀ kú pẹ̀lú. Wọ́n ń sọ pé ẹ́ńjìnì kú, wọ́n sì ń sọ pé kọ́ìlì ti kú. Ẹ́ńjìnì tí ó kú lójú ọ̀nà lè tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Kọ́ìlì tí ó kú kò ní jí mọ́. Èyí kò da mẹkáníìkì láàmú rárá, nítorí ó wà níbẹ̀ ó sì ń fojú rí i. Ìwé ni ó lè dà láàmú.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń wí pé asán ni gbogbo wàhálà yìí, pé kí wọ́n fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Apá kan ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́. Kọ́ìlì, rótọ̀, púlọ́ọ̀gì àti bátìrì ti di Yorùbá. Ohùn ti wà lórí wọn, wọ́n sì ń bá gírámà Yorùbá rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé wọn jáde yóò kàn dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì dùn létí, ó sì ti pẹ́ nínú ìwé, síbẹ̀ rédíò ni ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe ń wí, nítorí orúkọ tí ó dùn náà kò sọ ohun kan nípa ohun tí ó wà nínú àpótí. Ibi tí àwọn aláyàálò ti ṣìnà ni pé wọ́n gbàgbé pé orúkọ nìkan ni Yorùbá yá. Kò yá ọ̀rọ̀-ìṣe tó bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì lè pe kọ́ńtáàtì ní kọ́ńtáàtì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ohun tí ó ṣe é, ó ń jẹ, ó ń jó, ó dọ̀tí, ó lẹ̀, ó là, ó já ni yóò máa wí. Inú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ohun tí ó ń kú lọ ni dísítíríbútọ̀. Òtítọ́ ni pé láti àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀rọ tíránsísítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ojú ìjáná, àti pé ọkọ̀ tuntun òde òní kò ní dísítíríbútọ̀ rárá. Kọ́ìlì ti ń jókòó lórí púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni tíránsísítọ̀ náà ń ṣe? Ó ń já iná tí ń lọ sínú kọ́ìlì. Kò sí irin tí ó ń kan irin mọ́, nítorí náà kọ́ńtáàtì kò bá a mu mọ́, rótọ̀ sì ti di ìtàn. Ìjáná nìkan ni ó kọjá láti inú ìjàpá bọ́ sínú ọkọ̀ ọdún yìí láìyí padà. Ìperí tí ó gbé iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í bá irin kú.

Nígbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé lórí. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń kọ́ni pẹ̀lú wọn lọ́la rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gún wọn lẹ́nu, wọn yóò mọ̀. Nínú iṣẹ́ ọkọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í fọwọ́ kan gíríìsì, ẹni tí ó ń fọwọ́ kan gíríìsì kì í sì sí nínú ìgbìmọ̀. Ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà fi hàn pé sáyẹ́ǹsì ṣe é kọ́ ní Yorùbá. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò tíì rí ìwé tí yóò tẹ̀ lé e. Kí ìgbìmọ̀ ìperí tí yóò bá jókòó lórí iṣẹ́ ọkọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ kí ó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn. Nínú dígírì 90 tí ó kan sílíńdà kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá dísítíríbútọ̀ ti ń yí, ojú ìjáná ìjàpá a máa wà ní ìfarakanra fún nǹkan bí dígírì 50, a sì wà ní ṣíṣí fún èyí tí ó kù. Ìwọ̀n 50 yìí ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò sì ní orúkọ fún un nítorí àlàfo ni àwọn ń wọ̀n. Ìgbà ìfarakanra ni ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà: bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yára sí i, ìgbà náà ń kúrú sí i, dígírì rẹ̀ kò sì yí padà. Ìwọ̀n ìfarakanra sàn jù, títí di ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì yóò fi mú èyí tí ó dára jù ú lọ wá.